Èbúté Odò Amọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Fọlárìn wá tọrọ lọ́wọ́ Màmá Caroline ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ni, tàbí àkàbà, ìyá ì bá kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìyá sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá tọrọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

"Màmá, kí là ń pe jẹ́tì ní Yorùbá?"

Fọlárìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti bọ́ bàtà, ó di fóònù mú bí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ìyá ni nígbà kan rí. Nísinsìnyí, ó ti di ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀nọ́rébù tó ń ṣojú àdúgbò wọn. Òun ló ń bá a ṣètò ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣe ní Òkè-Amọ̀, abúlé kékeré tó fara ti títì láàárín Àràndún àti Èsìẹ́.

"Èbúté," ni ìyá dáhùn, kò tilẹ̀ ronú. "Àmì ìsàlẹ̀ lórí àkọ́kọ́, àmì òkè lórí méjì tó kẹ́yìn. Má kọ ọ́ láìlámì o."

Fọlárìn kọ ọ́. Ìyá ò sì dákẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ a máa fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu tíṣà.

"Etí omi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ ni èbúté. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń sọ̀, ibẹ̀ ni èrò ti ń gòkè. Kì í ṣe gbogbo etí omi ni èbúté. Ibi tí obìnrin ti ń pọnmi, odò là ń pe ìyẹn. Àfi kí ọkọ̀ máa dé, kí ọkọ̀ máa lọ. Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n ní l'Ékòó yẹn, ibi mẹ́ta ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀..."

"Ó ti tó, Màmá," Fọlárìn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Pátákó síbọ́ọ̀dù ò lè gba gbogbo ìyẹn."

"Síbọ́ọ̀dù wo? Níbo lẹ fẹ́ gbé e sí?"

"Odò Amọ̀ ni, mà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Odò Amọ̀ tí ewúrẹ́ ń fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tutù! Nígbà tó fi etí ìró nu ojú tán, ó rí i pé Fọlárìn ò bá òun rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá bẹ Fulera, aládùúgbò rẹ̀, pé kó bá òun dé odò. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ìyá ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Orúnkún ò gbà fún un mọ́, ọmọ rẹ̀ Tèmítọ́pẹ́ sì ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àgbàlá ilé fún un. Fulera ní tirẹ̀, fùfú ló ń ṣe jẹun. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí ibi tí Odò Amọ̀ ti ṣe kòtò lábẹ́ igi ọ̀dán.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ mú nǹkan tí ẹ ó fi bo imú dání," ni Fulera wí.

"Imú kẹ̀? Ṣé òkú ló wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ ṣáà mú un, mà."

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn kí wọ́n tó rí omi. Kì í tiẹ̀ ṣe òórùn kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ tó ti bà jẹ́ wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ màlúù wà nínú rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n dáná sun tí kò jó tán náà wà níbẹ̀. Láti bí ọdún méjì ni àwọn alápatà ti ń pa ẹran lápá òkè odò, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá rà lára màlúù, inú omi ni wọ́n ń dà á sí. Àwọn ará ilé tuntun ẹ̀gbẹ́ títì ní tiwọn, orí afárá ni wọ́n ti ń ju ìdọ̀tí inú ọ̀rá sísàlẹ̀. Pámpáàsì ọmọdé mu omi yó, ó wú, ó jókòó sórí òkúta bí ọ̀pọ̀lọ́ funfun. Ìfun kan lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi ọ̀dán, ìdin ń rìn lára rẹ̀. Omi tó kù ń wọ́ láàárín gbogbo rẹ̀, ó dúdú, ó ń hó ìfófòó, kò sì bo ọrùn ẹsẹ̀.

Lórí èyí ni wọ́n kọ́ èbúté lé.

Òpó sìmẹ́ńtì mẹ́jọ ló gbé e ró. Wọ́n to pákó tuntun sórí rẹ̀, wọ́n fi irin aláwọ̀ búlúù àti funfun ṣe ìdìmú, àtẹ̀gùn mẹ́ta sì ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀dà ara irin náà ò tíì gbẹ. Eṣinṣin ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀wà.

Màmá Caroline kì í tutọ́ síta. Ó ti na ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n itọ́ tó kún ẹnu rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò rí i gbé mì. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tu ú.

"Fulera, níbo lo wá ń rẹ ẹ̀gẹ́?"

"Inú dúrọ́ọ̀mù nílé ni, mà. Omi kànga yín náà kúkú ni mo ń pọn. Mo dán an wò níbí lọ́dún tó kọjá, ara Hafeezat ọmọ mi sú láti ọwọ́ dé èjìká. Fùfú ọ̀hún ń rùn, àwọn oníbàárà dá a padà fún mi." Ó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ gèlè tó fi di imú. "Nígbà tí wọ́n ní ìjọba ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ lódò, inú gbogbo àwa obìnrin dùn. A rò pé wọ́n fẹ́ wá kó ìdọ̀tí ni."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Èyí tún wá yàtọ̀ lójú ìyá. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kun ún ní láàlì, wọ́n wá ń wá orúkọ rere fún un. Ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n sì ti wá gba orúkọ náà.

Ilé Fọlárìn ló gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó bá a níwájú ilé, ó ń fọ mọ́tò.

"Fọlárìn, yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò lórí síbọ́ọ̀dù yín."

"Ọ̀rọ̀ yín? Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ná." Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó gbé àga jáde. Ìyá ò jókòó. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ ni, mà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé èdè ń dàgbà. Bí a bá pe ibẹ̀ ní èbúté, tí gbogbo ènìyàn ń pè é bẹ́ẹ̀, èbúté náà nìyẹn."

"Èdè ń dàgbà, èdè kì í jẹrà. O dé odò yẹn? O gbóòórùn rẹ̀?"

"A máa rí sí ìyẹn tó bá yá." Ó fún tìmùtìmù ìfọmọ́tò, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan, mà. Ní Sunday tó kọjá, pásítọ̀ gbàdúrà pé kí Olúwa mú ọkọ̀ ayé wa gúnlẹ̀ sí èbúté ògo. Ẹ̀yin náà ṣe àmín, mo gbóhùn yín. Ọkọ̀ wo ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì? Omi wo? Ta ló rí èbúté rí nínú gbogbo wa ní Òkè-Amọ̀? Inú àdúrà nìkan la ti mọ̀ ọ́n. Kí ló wá burú pé kí àwa náà ní tiwa?"

Ìyá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Àròjinlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ká ní inú kíláàsì ni, ì bá fún un ní máàkì rẹ̀ pé, ì bá ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tó tún wá kó o nírìíra jù nìyẹn: ọpọlọ tí òun fi ẹfun àti ẹgba pọ́n fún un ló fi ń da aṣọ bo ìgbẹ́ màlúù.

"Ẹni tó ń gba àdúrà yẹn ń lọ síbì kan," ló wí níkẹyìn. "Ó mọ̀ pé òun wà lójú ọ̀nà, ó fẹ́ gúnlẹ̀ sí ire. Ta ló ń lọ síbì kan ní Odò Amọ̀, Fọlárìn? Ìfun màlúù?"

Fọlárìn padà sídìí táyà. "Sátidé la ó ṣí i, mà. A ti fi àga yín síwájú."

Ìyá pinnu pé òun ò ní débẹ̀. Fulera ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní bóyá ìyá á ráyè bá Ọ̀nọ́rébù sọ̀rọ̀ òórùn náà lójúkojú, torí pé kò sẹ́ni tí yóò fetí sí oní-fùfú. Báyìí ni ìyá ṣe wọ aṣọ òkè rẹ̀, tó mú aṣọ ìnujú méjì dání, ó jókòó sábẹ́ kánópì ní Sátidé.

Kí omi lè wà, wọ́n ti fi àpò yanrìn dí ìsàlẹ̀ odò láti alẹ́ àná. Omi ga dé orúnkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń bá omi lọ tẹ́lẹ̀ ló dúró tì í. Wọ́n da oògùn apakòkòrò sí i gálọ́ọ̀nù-gálọ́ọ̀nù. Òórùn oògùn wá gun orí òórùn ìfun, àwọn méjèèjì jọ ń wọ inú àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pín ìrẹsì nínú ike. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì lé eṣinṣin. Ìyá gbé tirẹ̀ sílẹ̀ láìṣí i.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Ọ̀nọ́rébù dé, mọ́tò akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn wọlé. Ọkọ̀ ọpẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ gidi, tó ti dúdú nínú iṣẹ́, tí ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ọkùnrin tínrín kan jókòó tì í, ó gbé àjẹ̀ dání. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ̀ náà sọ̀ sínú omi. Ọkùnrin náà rí ibi tí wọ́n gbé e sí, ó sì fi ọwọ́ bo imú.

Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá, torí pé ibẹ̀ ni ibòòji wà. Wọ́n kíra. Khalilullah lorúkọ rẹ̀, Nupe ni láti etí odò Ọya, lọ́nà Pàtígì. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọjà Ṣàárẹ́ ló ti kọ́ ọ.

"Ìyá, kí ni wọ́n ń pe ibí yìí?"

"Èbúté ni wọ́n ń pè é."

Ó wo omi, ó wo ìyá, ó tún wo omi. "Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ní odò tuntun. Wọ́n ní àwọn ò ní ọkọ̀, kí n yá àwọn fún ọjọ́ kan. Mo rò pé mo máa kọ́ wọn ní títu ọkọ̀." Ó fi ìdí àjẹ̀ gún ilẹ̀. "Ẹja ni mo ń fi ọkọ̀ yẹn kó, ìyá. Ẹja tí ènìyàn ń jẹ."

Ọ̀nọ́rébù dé pẹ̀lú léèsì funfun. Wọ́n dì í mú lápá méjèèjì sọ̀ sínú ọkọ̀, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Khalilullah, ó nà án sókè, ó rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń ya fọ́tò. Ọkọ̀ náà ò mì. Ìdí rẹ̀ ti jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa aṣọ kúrò lójú síbọ́ọ̀dù. Àwọn lẹ́tà ńlá ni: ÈBÚTÉ ÒKÈ-AMỌ̀. Àmì rẹ̀ pé pérépéré. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ Ọ̀nọ́rébù sí, nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ ọ́ pé: Olùdámọ̀ràn lórí Èdè, Màmá Caroline Àjíbọ́lá.

Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi aṣọ ìnujú kejì di ẹnu. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ àti ìjọ sọ ọ́, àti orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ló wà lórí irin yẹn lókè ìdin.

"Ẹ jẹ́ kí tíṣà wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn àlejò!" Fọlárìn ló ń kéde. Ó gbé máìkì wá fún ìyá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá dìde. Ó rí Fulera lẹ́yìn èrò, tó ń mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Èbúté," ló wí, "ni ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ ń wò yìí, orí mọ́tò ló gùn gúnlẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ìyá ò dúró, ó ní: "Omi yìí ń rùn. Ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ìgbẹ́ ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin ò rí i lò mọ́, ara ọmọ ń sú. Kì í ṣe èbúté ni a bẹ̀ yín fún." Ẹ̀rín náà tún pọ̀ sí i. Ọ̀nọ́rébù fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́ láti inú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ wo màmá wa! Àwọn àgbà ò ní tán o!" Ẹnì kan gba máìkì lọ́wọ́ ìyá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Orin bẹ̀rẹ̀.

Ká ní wọ́n bú u, ì bá sàn. Ó rìn lọ sílé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi Khalilullah tó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìpè Khalilullah wọlé.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ọjọ́ kan ni wọ́n bá mi dá, wọn ò sì tíì dá ọkọ̀ mi padà. Ọkùnrin tó gbé máìkì fún yín yẹn ò gbé fóònù mi mọ́. Èmi ò mọ ẹlòmíràn lọ́dọ̀ yín. Bàbá mi ló gbẹ́ ọkọ̀ yẹn."

Ìyá mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sódò. Omi ti já àpò yanrìn, ó ti lọ. Ọkọ̀ náà wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹrọ̀fọ̀. Àwọn ènìyàn ti rí i pé ó ní inú, wọ́n sì ti rọ ìdọ̀tí sí i. Ọ̀rá kún un dé etí. Pámpáàsì wà níbẹ̀. Inú ẹran kan tó ti tú wà lórí gbogbo rẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn, ìdin ń ti ara rẹ̀ bọ́ sínú ìpẹ́ ẹja tó ti gbẹ. Ìyá di irin ìdìmú mú, ó bì títí kò fi sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́.

Ó nu ẹnu tán. Ó mọ ohun tó kàn.

Ó pe Fulera. Ó pe Lawrence, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi mọ́tò kó iṣu láti Òwu-Ìsin lọ sọ́jà. Fulera mú ṣọ́bìrì wá, ó mú Hafeezat àti obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣe fùfú wá. Wọ́n fi ọ̀rá wé ọwọ́, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí i, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Omi kànga ìyá ni wọ́n fi fọ ọkọ̀ náà, gálọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún. Kò sẹ́ni tó kọrin. Ọ̀kan nínú wọn á sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ bì, á tún padà wá.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ sórí mọ́tò ni Fọlárìn dé. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un.

"Màmá, ẹ ò lè gbé e! Ó wà nínú fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Bí wọ́n bá wá yẹ iṣẹ́ wò ńkọ́?"

"Di ìdí rẹ̀ mú," ni ìyá wí. "Ó ku ẹnì kan."

Ohùn kíláàsì ló fi sọ ọ́, ọwọ́ Fọlárìn sì ti lọ kó tó mọ̀. Ó gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú ẹrọ̀fọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ohun rírọ̀ kan fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìyá ń wò ó. Ó rí i pé bàtà yẹn nìkan ló ń kó ọmọ náà nírìíra. Kò sí nǹkan mìíràn.

Kí mọ́tò tó gbéra, ìyá gba ọ̀dà dúdú lọ́wọ́ Lawrence, èyí tó fi ń kọ nọ́ńbà mọ́tò. Ó gun àtẹ̀gùn, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa ÈBÚTÉ rẹ́. Òkè-Amọ̀ nìkan ló fi sílẹ̀, torí òótọ́ nìyẹn. Fọlárìn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń fi ewé nu èkejì.

Ó ti lé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n dé odò Ọya. Kò sí síbọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti dán lẹ́sẹ̀ èrò ni, èèkàn onígi tí wọ́n fi so ọkọ̀, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, àti ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ látòdì kejì pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti ewúrẹ́ méjì. Ibẹ̀ náà ní òórùn tirẹ̀, òórùn ẹja àti èéfín. Ìyá fà á símú láìdí i.

Khalilullah dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fa ojú ro. "Mo máa fi iná koríko yan án," ló wí. "Á tó ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn kí n tó lè kó ẹja sínú rẹ̀." Ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, ìyá ò sì retí pé kó rẹ́rìn-ín.

Fọlárìn ò kí ìyá mọ́ títí di òní. Síbọ́ọ̀dù ṣì wà, kò sẹ́ni tó tún un kùn. Fọ́tò Ọ̀nọ́rébù pẹ̀lú àjẹ̀ ṣì wà lórí fóònù àwọn ènìyàn. Fulera àti àwọn obìnrin lọ bá àwọn alápatà jà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá bá wọn lọ, ó gbé àga rẹ̀ dání, ó jókòó sáàárín ẹ̀jẹ̀ títí àwọn alápatà fi gbẹ́ kòtò tí wọn ó máa da ìdọ̀tí wọn sí. Ìfun ò wọ omi mọ́. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ títì ò tíì ṣíwọ́ ọ̀rá jíjù. Inú dúrọ́ọ̀mù ni Fulera ṣì ń rẹ ẹ̀gẹ́.